Bí Gbogbo Ọ̀bẹ Ìlú Ẹranko Ṣe Wọ Iná

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ o. Ṣé ebi ló ń pa yín ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ebi ni lóòótọ́, mo gbọ́ ọ nínú ohùn yín. Ẹ fara balẹ̀, oúnjẹ ò tíì jinná. Àlọ́ mi dìde nílẹ̀, ó gbọn ìdí, ó rìn títí ó fi kan ilé àrọ́ tí wọ́n ti ń rọ irin. Ó gba ilé àrọ́ kọjá, ó kan oko iṣu. Ó wá jókòó ti Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ti Akàn alágbẹ̀dẹ, àti ti Ìyá Ọ̀kẹ́tẹ́ tó ń gbé etí odò.

Mosúnmọ́lá, dìde lórí òkúta yẹn ná. Ẹ wò ó, gbogbo yín. Ṣé ẹ rí i bí àárín rẹ̀ ṣe jìn bí àwo? Kì í ṣe òjò ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ ìyá ìyá mi ni. Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó dáná alẹ́, wọn á bu omi díẹ̀ sí i, wọn á pọ́n ọ̀bẹ: ṣìì, ṣìì, ṣìì. Bí a bá ti gbọ́ ìró yẹn níbi tí a ti ń ṣeré lẹ́yìnkùlé, a mọ̀ pé oúnjẹ ti ń bọ̀ nìyẹn. Ọ̀bẹ náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé àgbàdo. Èèkù rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àtẹ́lẹwọ́ ló fọ̀ ọ́. Òkúta ń jẹ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ń jẹ òkúta, àwa ń jẹ iṣu.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọ̀bẹ náà pa mọ́ sábẹ́ àmù. Kò nídìí. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bẹ iṣu. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́ ilá. Ẹnikẹ́ni ò jẹun, títí kan èmi alára. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo lọ gbé e jáde, mo ní mo bá a nílẹ̀ ni. Ìyá ìyá mi wò mí. Wọn ò fọwọ́ kàn mí. Àlọ́ yìí ni wọ́n fi nà mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ sì ń dùn mí títí dòní.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Láyé ìgbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, tí Erin jọba lé wọn lórí, kò sí ilé tí kò ní ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kékeré ni o. Ẹnu kan, ẹ̀yìn kan, èèkù igi kan. Akàn ló rọ gbogbo wọn. Ta ni ì bá tún rọ irin bí kò ṣe Akàn? Àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù ń wá ẹ̀mú kiri kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ti Akàn, ara ọwọ́ ló ti hù.

Iṣu ni gbogbo ìlú ń gbìn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tọkọtaya á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa gé iṣu sí èèbù tí wọn yóò gbìn. Ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gbà gbọ́dọ̀ dán bí ojú omi. Wọn á fi eérú pa á, wọn á gbé e sínú ebè. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí òun ni egungun ẹ̀yìn àlọ́ yìí: èèbù tí ọ̀bẹ mímú gé, ojú rẹ̀ á jinná, á hù. Èèbù tí a fà ya, jíjẹrà ló máa jẹrà. Àgbẹ̀ wo ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìjàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú lára Ìjàpá nìyẹn. Kì í ṣe òmùgọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, gbogbo ìlú ti kọ ebè tó lọ salalu. Ìjàpá kọ mẹ́tàlá. Ó kọ mẹ́tàlá, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Ẹ̀yìn wo? Ìkarahun!

Ó nà sórí ẹní, ó ń wo àjà. Ìyàwó rẹ̀, Yánníbo, jókòó nítòsí, ó ń fi ọ̀bẹ rẹ̀ bẹ iṣu. Ọ̀bẹ tí ìyá Yánníbo fún un ni, ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín bọ̀ nílé ọkọ.

Ìjàpá ní, "Yánníbo, bí ọ̀bẹ kan ṣoṣo bá kù nílùú yìí, ta ni ọba?"

Yánníbo ní, "Erin ni."

"Mo ní bí ọ̀bẹ kan ṣoṣo bá kù."

"Erin náà ni, ọkọ mi. Ọ̀bẹ kọ́ ló fi jọba."

"Ah! Obìnrin yìí ò gbọ́ mi. Ẹni tó bá ni ọ̀bẹ náà lọba! Bí òjò bá rọ̀, tí wọ́n fẹ́ gé èèbù, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wá. Èmi á ní, 'Gbé iṣu kan sílẹ̀ kí o tó mú ọ̀bẹ.' Ọ̀la, iṣu. Ọ̀túnla, iṣu. Kí la tún wá fẹ́ kọ ebè fún?"

Yánníbo dá iṣu tó ń bẹ dúró. "Báwo wá ni ọ̀bẹ àwọn tó kù ṣe máa pòórá?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Àwọn fúnra wọn ló máa kó o fún mi. Wọ́n á tún máa kọrin lé e."

Bàbá Mosún! Bàbá Mosún o!

Ẹ ò rí nǹkan. Ìyá Mosún ló ń pè mí láti ilé ìdáná. Ẹ̀n-ẹ́n? Ọ̀bẹ? Ọ̀bẹ wo? Rárá o, n ò rí i. Bóyá ó wà lẹ́yìn ìkòkò. Ẹ wò ó dáadáa.

Níbo la dé? Ìjàpá rẹ́rìn-ín.

Ó wá bọ́ sí àsìkò tí Erin máa pé ọdún mẹ́wàá lórí oyè. Àlejò ń bọ̀ láti ìlú ọ̀tún, wọ́n ń bọ̀ láti ìlú òsì. Kábíyèsí pe ìlú jọ, ó ní kí kálukú mú àbá wá. Ehoro ní kí wọ́n jó. Ọ̀bọ ní kí wọ́n jẹun. Ìjàpá dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mo ti rìn, mo ti dé ìlú kan lókè odò ọ̀hún. N ò ní í sọ ti ilé wọn. N ò ní í sọ ti aṣọ wọn. Ọ̀bẹ wọn, Kábíyèsí! Ọ̀bẹ wọn!"

Ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sórí iyanrìn. Ó ya ọ̀bẹ, ó fi ẹnu mẹ́ta sí i. Ó fi ìwo sí i lórí. Ó to eyín sí i lẹ́yìn bí eyín ọ̀nì. Ó da ihò sí i lára, ó ní bí afẹ́fẹ́ bá gba ibẹ̀, ọ̀bẹ á máa súfèé. Ó so ìyẹ́ àkùkọ mọ́ èèkù rẹ̀. Ó ń yà á, ó ń yà á, títí iyanrìn fi tán níwájú rẹ̀, ó ní kí Ẹkùn jọ̀ọ́, kó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ọ̀bọ na ọrùn. "Ìjàpá, kí ni wọ́n ń fi èyí gé?"

"Gé?" Ìjàpá wò ó tàánú-tàánú. "Ọ̀bọ, adé tó wà lórí Kábíyèsí yìí, kí ló ń gé?"

Ọ̀bọ fa ọrùn rẹ̀ padà.

"Ìrùkẹ̀rẹ̀ ọwọ́ wọn ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá? Ohun tó bá níyì kì í ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wò ó, àlejò á dé, wọ́n á bá ọ̀bẹ a-bẹ-ṣu lọ́wọ́ wa. Wọ́n á ní, 'Ìlú yìí, ilé ìdáná lásán ni.'"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Erin, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan láti ọdún mẹ́wàá, mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Erin ní, "Alágbẹ̀dẹ, ṣé wàá rí i rọ?"

Akàn jáde síwájú, bó ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn. Ó ní, "Kábíyèsí, màá rọ ọ́. Ọ̀bẹ mẹ́rin, márùn-ún ló máa lọ sí ọ̀kan ṣá. Kí ẹ sì gbọ́ eléyìí kí n tó fẹ́ná: irin tí a bá nà sí ọ̀nà púpọ̀, kò ní lágbára ní ọ̀nà kankan. Ọ̀bẹ tó bá jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ni ẹnu, níbo lẹ fẹ́ fọwọ́ tẹ̀? Kò ní gé nǹkan kan o, àyàfi ẹni tó bá mú un dání."

Ìjàpá ní, "Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ṣé gígé la bi yín ni?"

Akàn ní, "Ó dáa. Mo ti sọ tèmi." Ó padà sídìí ewìrì rẹ̀.

Mo lọ sí Póli, iṣẹ́ irin ni mo kọ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí Akàn sọ lẹ́ẹ̀kan yìí, ọdún méjì gbáko ni olùkọ́ wa fi sọ ọ́, ó tún ń ya àwòrán sí i. A ò sì gbọ́ ọ yé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìjàpá gbé agbọ̀n kọ́ apá, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbè é. Bí mo bá ti dákẹ́, ẹ ní, "Mànà-mànà, ó ń kọ!" Ẹ má fi ohùn ebi gbè é o.

Ọ̀bẹ kékeré a-bẹ-ṣu —
Mànà-mànà, ó ń kọ!
Ẹ gbé e wá ká jù ú síná —
Mànà-mànà, ó ń kọ!
Ẹnu mẹ́ta, ìwo méje —
Mànà-mànà, ó ń kọ!
Àlejò á rí i, wọ́n á sá —
Mànà-mànà, ó ń kọ!

Ọ̀bọ kó ọ̀bẹ mẹ́rin jáde. Ẹkùn kó mẹ́fà. Ehoro kó tirẹ̀, ó kó ti àna rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ìyàwó ilé ń dá a dúró, wọ́n ní, "Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ ká fi dáná lọ́la." Àwọn ọkọ ní, "Ọ̀la? Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ó máa súfèé ni?"

Ehoro ní, "Ìjàpá, tìrẹ dà?"

"Tèmi? Ta ló kọ́kọ́ dé ilé àrọ́ láàárọ̀? Tèmi ti pọ́n nínú iná."

Irọ́ ni. Ọ̀bẹ Yánníbo wà lábẹ́ ẹní rẹ̀ nílé.

Wọ́n dé etí odò, ilé Ìyá Ọ̀kẹ́tẹ́. Arúgbó ni, opó ni, òun nìkan ló ń dáko rẹ̀. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀bẹ náà ti lọ tán, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ni ín, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ni ín. Ó ti ń gbọ́ orin bọ̀ láti òkèèrè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí àmù, kò sí ẹní. Ó bá sọ ọ̀bẹ sẹ́nu, ó tì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìjàpá ní, "Ìyá, ẹ kúulé. Ọ̀bẹ dà?"

"Mm-mm."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mm-mm-mm."

Ehoro ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú o."

Ìyá Ọ̀kẹ́tẹ́ fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó káàánú ara rẹ̀.

Ìjàpá ní, "Eyín ló ń dùn wọ́n. Ọ̀kẹ́tẹ́ tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe? Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n bá orin wọn lọ.

Ọjọ́ méje ni Akàn fi fẹ́ná. Ọ̀sán, ìró ọmọ owú ni. Àárọ̀, owú ni. Iná náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ara Akàn fi pọ́n. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé akàn kaná rí, ara akàn ṣì máa ń rántí.

Ọjọ́ ọdún pé. Ẹ̀yin ará mi, ẹ wá wò ó! Ọ̀bẹ Ẹkùn ní ẹnu mẹ́ta, eyín wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ Ọ̀bọ ní ihò mẹ́jọ, ó ń súfèé bó ṣe ń sáré káàkiri. Ti Ehoro gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àna rẹ̀ fi ń bá a gbé ìdí. Ti Kábíyèsí, agbọ̀n èédú méjìlá ló jẹ, ẹranko mẹ́rin ló gbé e. Ó gé Àgbọ̀nrín létí bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Àgbọ̀nrín ò sunkún. Ó ní ẹ̀yẹ ni. Àwọn àlejò la ẹnu, wọn ò lè pa á dé. Oòrùn ń ràn sórí irin, gbogbo ojúde ọba ń kọ mànà.

Ìjàpá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ òfìfo. Ọ̀bẹ Yánníbo wà ní ìdí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, torí kò fẹ́ fi í sílé kí olè má gbé e. Inú rẹ̀ dùn ní àkọ́kọ́. Ó ń ka àwọn ọ̀bẹ náà, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Iṣu. Iṣu. Iṣu."

Ó wá kan án láti kí ọba. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀bẹ yọ lábẹ́ aṣọ, ó bọ́ sílẹ̀. Ó dún kín-ín.

Gbogbo ojúde yíjú sí i.

Àlejò kan tọ́ka sí i. Ó ní, "Ta nìyẹn? Ẹni tó ń bá yín bẹ iṣu ni?"

Hẹ̀n! Ẹ̀rín bẹ́. Ehoro fọwọ́ mú ikùn. "A-bẹ-ṣu! Ìjàpá a-bẹ-ṣu!" Àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di orin. Erin fúnra rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ejìká rẹ̀ ń mì.

Ìjàpá lè fara da ebi. Ó lè fara da pàṣán. Ẹ̀rín ni kò lè fara dà. Ó ṣa ọ̀bẹ nílẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé àrọ́ lọ. Yánníbo sáré tẹ̀ lé e, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọkọ mi, ẹ rántí. Ọ̀bẹ yìí nìkan ló kù nílùú."

"Mo rántí."

"Ẹ̀yin lẹ pa irọ́ náà."

"Mo mọ̀ pé èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé nǹkan yẹn ò lè gé ẹran tó ti jinná."

"Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Ó ń sọ ọ́, ó ń rìn.

Yánníbo ní, "Ọ̀bẹ ìyá mi ni."

Ìjàpá dúró. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé ó padà. Ó dúró díẹ̀ ni. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé tún kọ ọ́ lẹ́yìn, "A-bẹ-ṣu!" Ó bá fa aṣọ rẹ̀ gbà.

Akàn gba ọ̀bẹ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ọ̀kan ṣoṣo? Ìwo mélòó lo fẹ́?"

"Méje."

"Á tinrin bí ewé kókò."

"Ṣé á dán?"

"Á dán."

"Jù ú síná."

Kí oòrùn ó tó wọ̀, Ìjàpá padà dé ojúde pẹ̀lú ìwo méje. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jó. Yánníbo ò jó.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Àlejò lọ. Ojúde dákẹ́. Ọjọ́ mélòó kan sí i, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ilẹ̀ ń ta sánsán bó ṣe máa ń ta. Òórùn yẹn, bí mo bá gbọ́ ọ báyìí, mo máa ń rí ìyá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, eérú ní ọwọ́ òsì, ọ̀bẹ ní ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ìlú gbé iṣu jáde. Kálukú gbé ọ̀bẹ ọdún rẹ̀ sórí itan.

Ọ̀bọ fi tirẹ̀ lé iṣu. Ó súfèé. Kò gé. Ẹkùn fi tirẹ̀ fa iṣu, eyín rẹ̀ há sínú iṣu, ó fa iṣu ya bí ẹni fa aṣọ. Ehoro ránṣẹ́ pe àna rẹ̀, wọ́n bá a gbé tirẹ̀ sókè, ó já bọ́ lé iṣu lórí. Iṣu di iyán láìse.

Wọ́n ní kò burú. Wọ́n fi òkúta fọ́ èyí tó kù, wọ́n fi eérú pa á, wọ́n gbìn ín. Kò pẹ́, ìlú ń rùn. Wọ́n wú ebè, omi dúdú ni wọ́n bá níbẹ̀. Iṣu tó ṣẹ́ kù sínú abà ò pọ̀ mọ́. Bí ìyẹn náà bá jẹrà, ebi ọdún tó ń bọ̀, kò sí ẹni tí kò ní pa.

Wọ́n sáré tọ Akàn lọ. "Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹ bá wa sọ wọ́n padà di ọ̀bẹ!"

Akàn ní, "Èédú dà? Kábíyèsí nìkan jẹ agbọ̀n méjìlá. Igi ti tutù báyìí. Ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí n tó rí èédú."

Níbi tí wọ́n ti fọwọ́ lérán, Ehoro tó lọ pọn omi padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní iṣu kan ti hù létí odò. Ó ti ń gun igi.

Wọ́n dà lọ síbẹ̀, tọba tìjòyè. Wọ́n bá Ìyá Ọ̀kẹ́tẹ́ lórí àpótí, ó ń gé èyí tó kù, ó ń fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọrin. Èyí náà, ẹ̀yin lẹ máa gbè é, "Fẹ́rẹ́-fẹ́rẹ́, ó ń gé!" Jẹ́ẹ́jẹ́ ni o.

Ọ̀bẹ kékeré a-bẹ-ṣu —
Fẹ́rẹ́-fẹ́rẹ́, ó ń gé!
Kò níwo, kò súfèé —
Fẹ́rẹ́-fẹ́rẹ́, ó ń gé!
Ìyá mi lò ó, ó fi sílẹ̀ —
Fẹ́rẹ́-fẹ́rẹ́, ó ń gé!

Erin kúnlẹ̀. Ẹ rò ó wò, Erin! Ó ní, "Ìyá, ẹ gbà wá."

Ìyá Ọ̀kẹ́tẹ́ wo gbogbo wọn. Ó wo ọ̀bẹ ọdún tí wọ́n gbé kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ yín kúrò lọ́nà, ẹ máa gbé iṣu yín bọ̀." Ó gé ti Ọ̀bọ. Ó gé ti Ẹkùn. Ó gé ti Ehoro àti ti àna rẹ̀. Bó bá gé díẹ̀, á pọ́n ọ̀bẹ lára òkúta. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé e.

Erin ní, "Kí la máa fún yín?"

Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, n ò ní lè kọ ebè mọ́. Bí iṣu yín bá ta, tí ẹ bá rí mi lóko yín, ẹ má lé mi."

Erin búra, ìlú sì búra.

Ìjàpá ńkọ́? Ilé ló wà. Ebè mẹ́tàlá ń dúró dè é. Iṣu méje ló kù fún un láyé. Yánníbo ń bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá Ìyá."

"Kí n lọ jókòó níwájú ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé èmi ò ní ọ̀bẹ ni?"

Ó gbá ọ̀bẹ oníwo méje mú. Ó wá ibi tó máa fọwọ́ tẹ̀, kò rí i, gbogbo ara rẹ̀ ni ẹnu. Ó bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ lé iṣu. Irin tinrin náà ká, iṣu ya, ìka Ìjàpá sì já. Kò jáwọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Iṣu kejì ya, ìka já. Títí iṣu méje fi ya jálajàla, ọwọ́ Ìjàpá ti di kúkúté.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ló tó gbé iṣu lọ sétí odò, ó fi aṣọ bo ọwọ́. Gbogbo ènìyàn ti lọ. Ìyá Ọ̀kẹ́tẹ́ gba iṣu náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọmọ mi, kò síbi tí ọ̀bẹ máa gbà mọ́ lára èyí."

"Ìyá, ẹ ṣáà bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀bẹ yín mú."

"Ó mú. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ń gé ni, kì í rán."

Ìjàpá gbé iṣu yíya rẹ̀, ó padà sílé. Ebè mẹ́tàlá dúró bẹ́ẹ̀, koríko bò wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí èédú wà, gbogbo ìlú kó ìwo àti eyín wọn lọ fún Akàn. Ó tún wọn rọ: ẹnu kan, ẹ̀yìn kan, èèkù kan. Yánníbo náà gbé ti ilé rẹ̀ lọ. Akàn fi í sínú iná. Irin náà ti tinrin jù, iná jẹ ẹ́ tán. Ó fi ẹ̀mú wá inú eérú títí, kò rí nǹkan. Ó ní, "Má bínú, Yánníbo." Yánníbo bu eérú díẹ̀, ó dì í sétí aṣọ, ó lọ sílé.

Bó ṣe jẹ́ pé ilé Ìjàpá nìkan ni kò ní ọ̀bẹ nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní ọ̀bẹ, báwo ló ṣe máa gé èèbù? Gbogbo àlọ́ tí ẹ bá gbọ́, ẹ ṣàkíyèsí, oko ẹlòmíràn ni Ìjàpá máa ń wà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá sì fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó máa fa ọwọ́ rẹ̀ sínú ìkarahun kíá, kẹ́ ẹ má baà ka ìka rẹ̀. Ní ti ọ̀kẹ́tẹ́, bí ẹ bá bá a nínú oko yín tó ń jẹ iṣu, olè kọ́ ni. Àdéhùn ni. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni, Mosúnmọ́lá? O ní ìyá rẹ ṣì ń wá ọ̀bẹ?

Ó dáa. Kúrò lọ́nà, kí n dìde. Ah-ah! Ẹ wá wo nǹkan lábẹ́ àpótí tí mo jókòó lé! Ìyá Mosún! Mo bá a nílẹ̀ ni o!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ bu omi díẹ̀ sórí òkúta yìí fún mi. Bí mo bá parọ́ nínú àlọ́ yìí, kí ọ̀bẹ ìyá ìyá mi yìí má rẹ́ ilá mọ́ láé. Bí òótọ́ ni, kí ó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣìì. Ṣìì. Ṣìì.

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín. Oúnjẹ ti ń bọ̀.